Ẹni Ẹlẹ́ni Ní Í Bá Ni Rí Ìpàkọ́ Ẹni

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Òwe yìí kò ṣòro láti túmọ̀ ní ojú lásán. Kò sí ẹni tí Ọlọ́run dá ojú sí ní ẹ̀yìn orí. Bí ẹrẹ̀ bá ta sí ènìyàn ní ìpàkọ́, òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò fínnífínní, a ó rí i pé ìbéèrè ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa láti dáhùn. Bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn mi bá rí ẹrẹ̀ náà tí ó sì dákẹ́ ńkọ́? Bí mo bá bi í pé, 'Ṣé ìpàkọ́ mi mọ́?' tí ó sì dáhùn pé, 'Ó mọ́ tónítóní,' láìwo ìpàkọ́ náà rárá ńkọ́? Nígbà tí mo bá dé àárín ọjà tí àwọn ènìyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín, ta ni ìtìjú náà tọ́ sí: èmi tí ẹrẹ̀ wà lára mi ni, tàbí ẹni tí ó sọ fún mi pé kò sí ẹrẹ̀?

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti pàdé ìbéèrè yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, wá lo ìsinmi Àjíǹde lọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Ọmọ tí kì í dákẹ́ ni ọmọ náà láti kékeré. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ó fi omi tútù rẹ gàrí, ó gbé e síwájú, ó sì ń wò ó títí gàrí náà fi wú tí ó mu gbogbo omi inú abọ́ tán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí àwa Ìjẹ̀bú ti fẹ́ràn gàrí wa tó yóò mọ̀ pé ohun tí ó mú ọmọ Ìjẹ̀bú gbàgbé gàrí níwájú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe é. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Nígbà tí ó yá, ó sọ̀rọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lè yé ẹ̀yin òǹkàwé mi bí ó ti yé mi níkẹyìn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Kọ̀ǹpútà kì í dédé ṣe nǹkan; àṣẹ ni ó ń tẹ̀ lé. Ènìyàn ni ó ń kọ àwọn àṣẹ náà sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, ohun tí wọ́n sì ń pe àkọsílẹ̀ yìí ni kóòdù. Kóòdù ilé-iṣẹ́ ńlá kan lè tó mílíọ̀nù ìlà, ogún ènìyàn tàbí igba ènìyàn sì lè máa kọ ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sí ètò, ohun tí ẹnì kan kọ ní òwúrọ̀ ni ẹlòmíràn yóò pa rẹ́ ní ọ̀sán láìmọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní ibi ìpamọ́ kan tí gbogbo wọn ń kó iṣẹ́ wọn sí, èyí tí mo fẹ́ máa pè ní àká. Ó fi ohun kan yàtọ̀ sí àká àgbẹ̀: wọn kì í da ohun àtijọ́ nù níbẹ̀. Gbogbo àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni bá ṣe ni ó wà nípamọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ àti wákàtí tí ó ṣe é, àti ìdí tí ó fi ṣe é. Irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò fún èyí lónìí ni Git, èyí tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní oṣù kẹrin ọdún 2005 fún àwọn tí wọ́n jọ ń kọ Linux. Ẹni tí ó bá gba irú àká yìí sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gbogbo ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó sábà máa ń gbà. Kò rọrùn kí ẹnì kan ṣoṣo lọ yí ohun àná padà ní kọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù má mọ̀.

Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni ẹnu ọ̀nà àká náà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè kọ ohun tí ó wù ú sórí ẹ̀dà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ rẹ̀ tó wọ inú àká gan-an, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kà á, kí ó béèrè ohun tí kò yé e, kí ó tọ́ka sí ohun tí kò tọ́, kí ó tó wá fọwọ́ sí i. Àyẹ̀wò kóòdù ni wọ́n ń pe èyí. Ìwé ni ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó sì lè rí i. Bí a bá wò ó dáadáa, òwe ìpàkọ́ ni wọ́n sọ di òfin ilé-iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí ọmọ náà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀, tí n kò ní dárúkọ, máa ń bá àwọn oníṣòwò gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọn. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ níbẹ̀ fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ó sì jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá yìí kọ àtúnṣe kan pé bí ìdáhùn bánkì bá pẹ́ kí ó tó dé, kí ẹ̀rọ tún béèrè owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Èrò yìí dára, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ bí nẹ́tíwọ̀kì ti ń ṣe wá ní ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò kọ síbẹ̀. Kò pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wádìí bóyá owó àkọ́kọ́ ti lọ ná, kí ó tó béèrè ẹ̀ẹ̀kejì. Ìdáhùn tí ó pẹ́ kì í ṣe ìdáhùn tí kò sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ní kí ó yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó dé orí ìlà yìí, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ara sì fu ú. Ó kọ ìbéèrè kan sílẹ̀ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí owó àkọ́kọ́ bá ti lọ ńkọ́?' Ó wo ìbéèrè náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì pa á rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó ní òun rò pé irú ọ̀gá báyìí kò lè ṣàì ti ronú kan ìyẹn. Ó ní òun tún rò pé ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni ìbéèrè náà yóò wà, yóò sì dà bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kọ́ olùkọ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Ó dára, sà,' ó sì fọwọ́ sí i. Kí ọjọ́ Àìkú tó mọ́, ẹ̀rọ ti gba owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tí ó ń ta oúnjẹ tútù, tí owó tí ó fẹ́ fi ra ọjà bọ́ sínú wàhálà náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, gbogbo wọn gba owó wọn padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà kì í dúró de ẹni tí owó rẹ̀ há.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ pe ìpàdé, ọ̀gá náà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní, 'Èmi ni mo kọ ọ́, àṣìṣe mi ni.' Lẹ́yìn ìpàdé ni ó wá rọra sọ fún ọmọ yìí nìkan pé, 'Mo sùn ní òru ọjọ́ Ẹtì yẹn nítorí pé ìwọ ni o fọwọ́ sí i.' Gbólóhùn yìí ni ó mú ọmọ wa gbàgbé gàrí. Ó wò mí lójú, ó ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo jẹ̀bi ni? Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.'

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Òwe kan ni ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí a bá fi òwe yìí dá ẹjọ́ náà, ẹjọ́ ti tán: ẹni tí ó fọwọ́ sí i jẹ̀bi ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n òwe olè ni òwe yẹn. Ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ tí ó na ọwọ́ gba epo mọ̀ dájú pé epo olóhun ni. Ọmọ yìí kò mọ̀ dájú. Ó fura ni. Ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú kò jalè. Àṣìṣe ni ó ṣe. Bí a bá sì lọ sí apá kejì tí a ní kò jẹ̀bi rárá nítorí pé kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kóòdù náà, a jẹ́ pé ìfọwọ́sí rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan. Ìtumọ̀ wo ni ó wà nínú kí ẹnì kan fi ìgboyà sùn nítorí ohun tí kò ní ìtumọ̀?

Mo rò ó títí, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ àwọn babaláwo. Odù Ifá jẹ́ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ẹsẹ tí ó wà nínú odù kọ̀ọ̀kan sì pọ̀ jọjọ. Fún àìmọye ọdún ni wọ́n fi pa gbogbo rẹ̀ mọ́ láìkọ ọ́ sínú ìwé. Inú orí ènìyàn ni àká rẹ̀ wà, kì í sì í ṣe inú orí ẹnì kan ṣoṣo, bí kò ṣe inú orí ọ̀pọ̀ babaláwo ní ìlú púpọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é tí àṣìṣe ẹnì kan kò fi di àṣìṣe gbogbo wọn? Àwọn onímọ̀, pàápàá Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá nínú ìwé tí ó kọ nípa Ifá ní ọdún 1976, ti ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn babaláwo bá péjọ tí ọ̀kan nínú wọn ń sun ìyẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti ń sọ gbólóhùn tí ó tọ́ ni àwọn yòókù yóò máa dáhùn pé, 'Hín.' Bí ó bá ṣi ẹsẹ Ifá sun, wọn kò ní bá a ṣe hín. Wọn yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ní ọdún 2005 kan náà tí wọ́n kọ Git ni àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún tí ó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé. N kò sọ pé ọ̀kan bí èkejì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìṣòro kan náà ni àwọn méjèèjì ń yanjú: bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe lè jọ ni ohun kan láìbà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo 'hín' yìí dáadáa. Kì í ṣe ìkíni, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá akéwì lára yá nìkan. Ẹ̀rí ni. Ẹni tí ó ṣe hín ń sọ pé, 'Èmi pẹ̀lú mọ ẹsẹ yìí; mo gbọ́ ohun tí o sọ; bí mo ti mọ̀ ọ́n náà nìyẹn.' Bí ó bá ṣe hín sí ohun tí kò gbọ́, tàbí sí ohun tí ó mọ̀ pé kò tọ́, ọmọ awo tí ó jókòó ní igun ilé tí ó ń fetí sílẹ̀ yóò kọ́ àṣìṣe náà. Ní ogún ọdún sí i, ọmọ awo yẹn yóò fi dá Ifá fún ẹni tí a kò tíì bí lọ́jọ́ náà. Nítorí náà ẹni mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe méjì. Ẹni tí ó sun ìyẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí ó ṣe hín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ èrè tàbí ìyà rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Obìnrin tí ó ń ta oúnjẹ tútù kò sí níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí kóòdù. Òun ni wọ́n ń jẹ́rìí fún, kò sì mọ̀ wọ́n.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà wa ni ó fa gbogbo èyí. Wọ́n ní Yorùbá ti fi ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ di ọmọdé lẹ́nu. Wọ́n ní ibi tí a bá ti ń pe ènìyàn ní ọ̀gá, àyẹ̀wò kò lè ṣeé ṣe níbẹ̀. Èrò yìí gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá àwọn ará òkè òkun ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí irú àwọn ilé-iṣẹ́ bí Andela ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2014, tí wọ́n ń so àwọn ọ̀dọ́ wa pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti ní ibòmíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti mọ ibi iṣẹ́ tí ọmọdé ti ń pe àgbà ní orúkọ. Wọ́n rò pé ibẹ̀ ni òtítọ́ ń gbé.

N kò gbà bẹ́ẹ̀. Yorùbá tí ó ní kí ọmọdé bọ̀wọ̀ fún àgbà náà ni ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Òun náà ni ó sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ gbọ́ òwe kejì yìí dáadáa. Kò sọ pé ọgbọ́n àgbà nìkan ni kì í jẹ́ kí a pè é ní wèrè. Ọgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó rí àṣìṣe ọ̀gá rẹ̀ tí ó dákẹ́ kò bọ̀wọ̀ fún un. Ó fi í sílẹ̀ kí ó lọ ta ẹsẹ̀ níwájú ayé ni. Àṣà wa tilẹ̀ ti pèsè ọ̀nà tí ọmọdé fi lè sọ ohun tí ó bá rí. Bí ọmọdé bá pa òwe níwájú àgbà, yóò ní, 'Tótó, ó ṣe bí òwe o.' Àgbà yóò sì dáhùn pé, 'Wà á rí òmíràn pa.' Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ni èyí bí kò ṣe ètò àyẹ̀wò? Ọmọdé tọrọ àyè, ṣùgbọ́n kò gbé òwe rẹ̀ mì. Àgbà kò sì fún un ní àyè ti òní nìkan, ó fún un ní àyè ti ọ̀la pẹ̀lú. Bí ẹ bá wá rí ibi tí ọmọdé ti ń gbé òwe rẹ̀ mì, ẹ wádìí rẹ̀ wò bóyá kì í ṣe pé ó ti pẹ́ tí àgbà ibẹ̀ ti sọ pé, 'Wà á rí òmíràn pa,' gbẹ̀yìn.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ tan ara wa pé bí àyẹ̀wò bá ti wà, àṣìṣe ti tán. Ní òpin ọdún 2011, àtúnṣe kan wọ inú àká OpenSSL, ètò tí apá púpọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì fi ń pa ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́. Robin Seggelmann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó kọ ọ́. Stephen Henson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó yẹ̀ ẹ́ wò. Onímọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tí ó yẹ kí kóòdù náà ṣe tí kò ṣe. Ó dà bí ẹni tí ó kó iṣu kan ṣoṣo fún ẹni tí ń ṣọ́ àká, tí ó wá ní, 'Dá iṣu mẹ́wàá tí mo kó fún ọ padà,' tí olùṣọ́ náà kò sì ka iṣu, tí ó fi mẹ́sàn-án kún un láti inú iṣu àwọn ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ṣe lè máa fa ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ẹlòmíràn jáde. Ó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó kéde àléébù yìí ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n sì sọ ọ́ ní Heartbleed. Seggelmann jẹ́wọ́ ní gbangba pé àṣìṣe òun ni, àti pé ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú kò rí i.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò yìí àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní ipò kan náà? Rárá o. Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ìdáhùn wa wà. Àìrí yàtọ̀ sí àìwò, àìwò sì yàtọ̀ sí àìsọ. Ẹni tí ó wò tí kò rí, ojú ènìyàn ni ó ní, kò sì sí ojú tí í rí ohun gbogbo; àánú ni ó yẹ ẹ́, àti olùrànlọ́wọ́ sí i. Ẹni tí kò wò tí ó ní òun ti wò, irọ́ ni ó pa, bí ohun tí ó fọwọ́ sí bá tilẹ̀ tọ́. Ẹni tí ó wò, tí nǹkan rú u lójú, tí ó sì ní ó dára, ó ti jẹ́ ẹ̀rí tí kò ní lọ́wọ́. Àwa ènìyàn fẹ́ràn láti fi àbájáde dá ẹjọ́: bí kò bá sí jàǹbá, a ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀rí èké kò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ̀rí èké náà ni.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan sí i, nítorí ó fi bí ìbéèrè kékeré ti níyì tó hàn. Ètò kan wà tí ó ń jẹ́ xz, tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Lasse Collin, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó ń tọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan. Láti ọdún 2021, ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́. Àwọn orúkọ mìíràn jáde tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan Collin pé iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀, títí ó fi fún ẹni náà ní àyè láti máa ti ọwọ́ ara rẹ̀ kó nǹkan sínú àká. Ní ọdún 2024, ẹni yìí fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kan pamọ́ sínú ètò náà, èyí tí wọn ì bá máa gbà wọ kọ̀ǹpútà olóhun. Ọ̀gbẹ́ni Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọ inú kọ̀ǹpútà kan fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ẹlòmíràn ì bá ní kò tó nǹkan. Òun béèrè ìdí rẹ̀, ó tọ ipa rẹ̀ títí ó fi dé ìdí òtítọ́, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún náà kí ilẹ̀kùn náà tó tàn ká ayé. Ìfura loògùn àgbà. Oògùn yìí kan náà ni ó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ Ẹtì yẹn tí ó sì dà á nù.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù tí ó yẹ kí n mẹ́nu bà. Nínú Git, àṣẹ kan wà tí ó ń fi orúkọ ẹni tí ó fọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan gbẹ̀yìn hàn. Orúkọ tí wọ́n sọ àṣẹ yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni blame, èyí tí í ṣe ẹ̀bi ní èdè wa. Orúkọ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa, akápò kọ́ ni ó ń yẹ ìwé ara rẹ̀ wò; kì í ṣe nítorí pé a pè é ní olè, bí kò ṣe nítorí pé a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àyè pè é bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ àkọsílẹ̀ di pàṣán, àwọn ènìyàn yóò kọ́ bí a ti ń fi ara pamọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé a ń lò ó láti mọ ẹni tí a lè bi léèrè, ìrántí ẹgbẹ́ ni yóò dà. Láti ọdún 2021 tí GitHub ti gbé Copilot jáde, ẹ̀rọ pẹ̀lú ti ń bá ènìyàn kọ kóòdù. Ìtìjú kì í ba ẹ̀rọ, òru kò sì ní ìtumọ̀ fún un. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti jẹ́ òǹkọ̀wé, ẹni tí ó fọwọ́ sí i nìkan ni ènìyàn tí ó kù tí a lè bi pé, 'Ṣé o kà á?'

Nítorí náà ni mo ṣe dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lóhùn báyìí: 'Bẹ́ẹ̀ ni, o jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ. Òun kọ àṣìṣe, ó sì ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ ní o jẹ́ ẹ̀rí sí ohun tí kò dá ọ lójú, ìyẹn ni kí o jẹ́wọ́. Má sọ pé ọ̀wọ̀ ni. Bí o bá bọ̀wọ̀ fún un ni, ì bá ti rí ìbéèrè rẹ ní ọjọ́ Ẹtì.' Ó ní kí ni òun yóò wá ṣe báyìí tí omi ti dànù. Mo ní kí ó padà sí ojú ìwé tí ó ti fọwọ́ sí i, kí ó kọ ìbéèrè tí ó pa rẹ́ síbẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ pé òun ti rò ó lọ́jọ́ náà, òun kò sì sọ ọ́. Kò lè dá owó kankan padà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn ọ̀la yóò mọ ibi tí ọ̀nà ti yà.

Mo tún sọ fún un pé kí ó bá mi kí ọ̀gá rẹ̀. Gbólóhùn tí ọkùnrin náà sọ pé òun sùn nítorí pé ó fọwọ́ sí i kì í ṣe èébú. Ó ń sọ pé òun gbà pé ojú ọmọ náà jẹ́ ojú, àti pé òun ti kọ ẹ̀yìn sí i kí ó bá òun wo ìpàkọ́ òun. Àgbà tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbé ọmọdé ga ju bí oyè ti lè gbé e lọ. Ohun tí ó kù ni kí ọmọdé wò ní tòótọ́, kí ó sì la ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí ó rí, tótó, ó ṣe bí òwe, nítorí ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí ó ń ka owó rẹ̀ ní ìdí ọjà, tí kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ sí nǹkan lórúkọ òun.